Ẹjọ́ Àkùrọ̀ Etí Odò Ẹ̀rìnwá

Wọ́n ní omi là á kọ́kọ́ tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ló ń ti ilé lọ sódò tí kò ní tẹ iyanrìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan omi? Àbí àwọn àgbà ò lójú ni? Wọ́n lójú o. Ọdẹ́tókun ló kọ́ wa lọ́gbọ́n yìí, kì í kúkú ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀.

Ní àfonífojì odò Ẹ̀rìnwá, láàárín òkè méjì, ilẹ̀ iyanrìn kan wà tí àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ojúọlápé, opó ọlọ́mọ mẹ́rin, ló ń dá àkùrọ̀ síbẹ̀. Kò ní oko míì láyé. Àfi bí Ọdẹ́tókun ṣe ti ìdálẹ̀ dé tòun ti agbádá ńlá, tó ní ilẹ̀ bàbá òun ni.

Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń du ilẹ̀ yóò dúró síbi tí baba ńlá rẹ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀, yóò sì pìtàn lójú Baálẹ̀. Ẹni tí baba rẹ̀ bá ṣáájú dé ló ni ín.

Ọdẹ́tókun dúró sáàárín iyanrìn. Háà, ẹnu ń bẹ! Ó ní baba ńlá òun sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, kò bá ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń mi orí. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni, ilẹ̀ ti di tirẹ̀.

"Iyanrìn yìí gan-an ló kọ́kọ́ tẹ̀," ló tún fi kún un. "Ó tù ú lẹ́sẹ̀ débi pé ó sùn lé e lórí."

"Iyanrìn yìí?" Baálẹ̀ bi í.

"Òun gan-an ni, Bàbá!"

"Ojúọlápé, ìwọ ńkọ́?"

Obìnrin náà ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ odò dé orúnkún. "Bàbá, èmi ò mọ ìtàn pa. Ọkọ̀ ló gbé àwọn bàbá ọkọ mi wá. Wọ́n ní inú omi ni wọ́n bọ́ sí, pé ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn pàápàá, omi ni nígbà náà."

Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọdẹ́tókun, ọdún tí mo fẹ́ ìyálé mi ni odò yìí kún àkúnya, tó yà kúrò níbí, tó da iyanrìn sílẹ̀ fún wa. Mo ti hu irùngbọ̀n kí iyanrìn yìí tó dé. Baba ńlá rẹ tó wá sùn lórí rẹ̀, ṣé àbúrò mi ni?"

Bí Ojúọlápé ṣe gba àkùrọ̀ rẹ̀ padà nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹni tó dé lánàá bá ń pìtàn ilé fún ọ, má bá a jà. Sọ fún un pé omi là á kọ́kọ́ tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn.