Bí Tòlótòló Ṣe Dé Ara Ọ̀bẹ Ọba

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé oorun ti ń kùn yín ni? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò balẹ̀ sórí igi, kò balẹ̀ sórí ààtàn, ó balẹ̀ sórí Tòlótòló tó gbà pé kò sí ẹni tó lẹ́wà tó òun."

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú kan tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé, alágbẹ̀dẹ kan wà tó ń jẹ́ Ògúnrìndé. Ọ̀bẹ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí mímú rẹ̀ làwọn ènìyàn ṣe ń wá a wá. Ọnà tó máa ń fín sí i lára ni.

Ẹ fetí sílẹ̀ kí n sọ bó ṣe ń fín in. Bó bá rọ ọ̀bẹ tán, tó fi yanrìn họ ọ́ títí tó fi ń dán, yóò yọ́ ìda oyin, yóò sì fi bo ọ̀bẹ náà látòkè délẹ̀. Yóò wá mú irin ṣóńṣó, yóò fi ha àwòrán sára ìda náà. Ṣé ó parí? Kò parí. Yóò ri ọ̀bẹ náà sínú ìkòkò omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó ti po iyọ̀ mọ́. Ibi tí ìda bá bò, omi kíkan náà kò lè fọwọ́ kàn án. Ibi tí wọ́n bá ti ha á, ibẹ̀ ni yóò ti jẹ irin wọnú. Bí wọ́n bá fi omi gbígbóná nu ìda kúrò, ọnà á yọ.

"Ìyá Àgbà, ṣé èèyàn lè mu omi náà?"

"Dúródọlá, ikùn rẹ nìkan lo máa ń rò. Mu ún wò, kó o rí bí ẹnu rẹ á ṣe ká."

Ní ìlú náà, ohun tí ọ̀bẹ bá wà fún ni wọ́n máa ń fín sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀bẹ ẹja gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀bẹ ilá, wọ́n á fín ilá sí i. Ọ̀bẹ iṣu, wọ́n á fín iṣu sí i. Gbogbo ìlú ló mọ̀, àfi Tòlótòló tí kì í wọ ilé ìdáná ẹnikẹ́ni. Ìrù ara rẹ̀ ló máa ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ mọ irú wọn. Ọ̀kan wà nínú àwọn àbúrò bàbá yín, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ.

Nígbà tí ọdún ń bọ̀, Ọba ránṣẹ́ sí Ògúnrìndé pé, "Rọ ọ̀bẹ ọdún fún mi. Ẹran tó bá wù ọ́ ni kó o fín sí i. Èyí tó o bá fín la ó pa jẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí dààmú alágbẹ̀dẹ. Bó bá fín ewúrẹ́, aládùúgbò rẹ̀ ni ewúrẹ́. Bó bá fín àgbò, àgbò ló ń bá a ru èédú. Ó fi ìda bo ọ̀bẹ tán, ó jókòó tì í, ó ń họrí.

Ibẹ̀ ni Tòlótòló gbà kọjá. Ó ń yan, ó na ìrù bí abẹ̀bẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ gbálẹ̀ ṣáà, ṣáà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Alágbẹ̀dẹ. Kí ló dé tẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán?"

"Ọ̀bẹ Ọba ni. Mi ò tíì mọ ẹni tí màá fín sí i lára."

"Ẹ ń wo ojú mi báyìí, ẹ tún ń wá ẹlòmíràn?"

"Tòlótòló, ṣé o mọ ohun tí ọ̀bẹ yìí..."

"Ọ̀bẹ Ọba ni, mo ti gbọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìrù."

"Fara balẹ̀. Ọ̀bẹ ọdún ni, wọ́n fẹ́ fi..."

"Wọ́n fẹ́ fi han gbogbo ayé! Ẹ má gbàgbé ìyẹ́ orí mi o."

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀! Ẹni tí mo bá fín..."

"Kolo-kolo-kolo! Ẹ fín mi, Bàbá, ẹ fín mi!"

Ògúnrìndé mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ lo ní kí n fín ọ o." Ó mú irin ṣóńṣó, Tòlótòló dúró gbagidi, ó na ọrùn, ó sì fi orin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló lẹ́wà tó mi?
*Kò mà sí o.*
Ta ló nírù tó mi?
*Kò mà sí o.*
Ọba á máa wò mí lára ọ̀bẹ,
*Kò mà sí o.*
Èmi náà á máa wo Ọba padà,
*Kò mà sí o.*

Nígbà tí alágbẹ̀dẹ ha àwòrán tán, ó ri ọ̀bẹ sínú omi kíkan, ó gba ilé lọ jẹun. Tòlótòló gba ìgboro lọ. Ẹni tó béèrè, ó sọ fún un. Ẹni tí kò béèrè, ó sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ ọ́ títí ó fi kan Pẹ́pẹ́yẹ tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìdáná ààfin.

"Pẹ́pẹ́yẹ, èmi ni wọ́n fín sára ọ̀bẹ ọdún!"

Pẹ́pẹ́yẹ ya ẹnu, kò lè pa á dé. "Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ ilá lẹ́yìnkùlé mi, ilá ló wà lára ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń gé iṣu, iṣu ló wà lára ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń la ẹja, ẹja ni. Èyí tí wọ́n máa fi pa ẹran ọdún ńkọ́?"

"È... è... èmi?"

"Ìwọ náà ni o."

"Hà! Ìyá Àgbà, Tòlótòló ti kú!"

"Kò tíì kú. Ẹ jẹ́ kó sáré ná."

Ó sáré! Ìrù tó fi ń yan, ó ká a mọ́ra. Ó dé àgbẹ̀dẹ, kò bá ẹnikẹ́ni. Ó fẹnu fa ọ̀bẹ yọ nínú omi, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń fi èékánná ẹsẹ̀ kejì pa àwòrán ara rẹ̀ rẹ́. Ó ha orí, gẹrẹ! Ó ha ọrùn, gẹrẹ! Ó ha ìrù, gẹrẹ-gẹrẹ-gẹrẹ! Ó ti ọ̀bẹ padà sínú omi, ó ní, "Mo ti pa á rẹ́."

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ó pa á rẹ́?"

"Rárá! Ó tún ń fín sí i ni!"

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbọ́n ju Tòlótòló lọ. Lára ìda, ẹni tó ń ha nǹkan kúrò, ńṣe ló ń ha nǹkan sí i."

Lọ́jọ́ ọdún, gbogbo ìlú pé sí ààfin. Ògúnrìndé nu ìda kúrò níwájú Ọba. Ìlà ló kún ara ọ̀bẹ. Ìlà ń lọ sókè, ìlà ń bọ̀ wálẹ̀, kò lórí, kò nídìí. Ọba yí ọ̀bẹ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ẹran wo rèé?"

Alágbẹ̀dẹ dojú bolẹ̀. Ọba gbé ọ̀bẹ sún mọ́ ojú.

"Lójú tèmi o, ó jọ ìdì ẹ̀fọ́."

"Ẹ̀fọ́ ni, Kábíyèsí!" làwọn ìjòyè wí. Ká ní òkúta ni Ọba pè é, òkúta ni wọn ìbá pè é.

"Ohun tó bá wà lára ọ̀bẹ la máa ń jẹ. A jẹ́ pé ẹ̀fọ́ la ó fi ṣọdún."

Àwọn ènìyàn kùn hùn-ùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá Ọba jiyàn? Láàárín èrò, inú Tòlótòló dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Orí rẹ ló bá ọ ṣe é," ni Pẹ́pẹ́yẹ sọ sí i létí. "Ṣáà pa ẹnu rẹ dé títí a ó fi délé."

"Mo ti pa á dé."

Ó pa á dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà níwájú wọn tí kò gbádùn ọdún aláìlẹ́ran yìí. Ó ní, "Ẹ̀fọ́ burúkú wo rèé? Ó ti rọ." Tòlótòló gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìyá náà ní, "Ẹ tún wo igi ẹ̀ bó ṣe wọ́." Ọrùn Tòlótòló ló ń bú. Ó gbé ìyẹn náà mì. Ìyá náà ní, "Kòkòrò sì ti jẹ gbogbo ewé ẹ̀. Ẹ fi ta mí lọ́rẹ, mi ò ní gbà á."

Ìrù rẹ̀ nìyẹn! Ìyẹn kò ṣeé gbé mì.

"Irọ́ ni!" Tòlótòló fò síwájú Ọba. "Ta ni kòkòrò jẹ? Èmi nìyẹn! Ìrù mi nìyẹn!" Ó dúró ti ọ̀bẹ, ó na ìrù, ó yí ọrùn bó ṣe wà nínú àwòrán. "Kábíyèsí, ẹ wò wá dáadáa!"

Ọba wo ọ̀bẹ. Ó wo Tòlótòló. Ó tún wo ọ̀bẹ.

"Àṣé òun ni."

"Òun ni, Kábíyèsí!"

Ògúnrìndé káwọ́ lérí. Pẹ́pẹ́yẹ dijú.

"Ẹ mú un!"

Alásè ààfin gbá a lórí mú. Nígbà yẹn, ìyẹ́ dúdú mìnìjọ̀ ló bo orí Tòlótòló. Alásè fà á, Tòlótòló fà á padà. Ọ̀bẹ ti ń bọ̀ lókè. Fàà! Gbogbo ìyẹ́ orí ṣẹ́kù sọ́wọ́ alásè, Tòlótòló fo odi, ó já wọgbó. Kò padà wálé títí ọdún fi kọjá, gbogbo ìlú sì jẹ ẹ̀fọ́ láìfẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni orí Tòlótòló ti pá, tí ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ìtìjú bá mú un.

"Ìyá Àgbà, ṣé ó wá kọ́gbọ́n?"

"Ẹ lọ pariwo mọ́ ọn lọ́la, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kò ní dá yín lóhùn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ síni la ń fèsì sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹran, tí wọ́n bá pè ọ́ ní ẹ̀fọ́, rọra jẹ́ ẹ̀fọ́.

"Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyẹn. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí eyín mi tó kù yìí ká sínú iṣu àárọ̀ ọ̀la. Mo yánu sílẹ̀ báyìí. Ó ká, àbí kò ká?"

"Kò ká o!"

"Ó yá, ẹ lọ sùn."