Ọbẹ̀ Ìgbín Tí Aláró Sè Fún Ìwọ̀fà

Kí irin tí mo fi ẹnu kàn yìí pa mí bí mo bá purọ́: ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ ló gbé mi débẹ̀, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀ṣúntóókí, aláró Òkè-Ẹ̀lú, ń dàníyàn. Ìkòkò aró kan ṣoṣo ló ní, aṣọ oníbàárà sì ti di òkìtì. Láwóyin, olówó èlé, fẹ́ yá a ní ọ̀kẹ́ owó mẹ́wàá, kí obìnrin náà máa jí lọ ṣe ìwọ̀fà lóko rẹ̀ láràárọ̀. Lójú Ọ̀ṣúntóókí, iṣẹ́ ọdún méjì á ti jẹ gbèsè náà tán. Àwẹ̀ró ọ̀rẹ́ rẹ̀, aláró bíi tirẹ̀, fẹ́ yá iye kan náà. Ni àwọn méjèèjì bá tọ Bèèrè-Kó-O-Tó-Wọdò lọ, ìyá arúgbó tí í ṣe awo wọn.

Ìyá ní, “Owó yíyá kì í ṣe èèwọ̀. Ẹ rúbọ ná. Ìgbín mẹ́rìndínlógún, epo, ẹ̀kọ. Ẹ sè é fún àwọn ìwọ̀fà Láwóyin. Bí wọ́n bá ń jẹun, ẹ dákẹ́.”

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ kúkú sọ pé ìgbín ń wù yín jẹ!” Ọjọ́ náà gan-an, lásìkò òjò, ló lọ gba ọ̀kẹ́ mẹ́wàá.

Ọ̀ṣúntóókí sebẹ̀. Àwọn ìwọ̀fà jẹ, wọ́n lá ọwọ́, ẹnu wọn sì là.

“Ìyá aláró, ọdún keje mi rèé. Iṣẹ́ tí à ń ṣe, èlé lásán ni. Owó tí mo yá ṣì wà lódidi.”

Òmíràn ní, “Èmi rẹ aṣọ rí. Ìgbà òjò ni mo yá tèmi. Aṣọ ò gbẹ, ọjà ò tà.”

Ọ̀ṣúntóókí sáré padà sọ́dọ̀ awo.

“Mélòó lo lè san tán lẹ́ẹ̀rùn kan?”

“Ọ̀kẹ́ méjì, Ìyá.”

“Yá méjì.”

Ó dúró de ọyẹ́, ó yá méjì. Owó kékeré, òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀ ló fi ń sin Láwóyin. Kí òjò tó dé, ó ti san án tán. Lọ́dún kẹta, ìkòkò mẹ́sàn-án ló ní láìtún yáwó. Ó ń jó, ó ń yin awo, aró dé e ní ìgbọ̀nwọ́.

Àwẹ̀ró ń jí lọ sóko, aró rẹ̀ ń bàjẹ́ nílé. Ẹni tó rúbọ là. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín kábàámọ̀, títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bá a san gbèsè.

Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ṣíwọ́ ìwọ̀fà gan-an, aláró mìíràn gbé ọbẹ̀ ìgbín dé, ó fẹ́ yáwó. Àwẹ̀ró ò lọ sílé. Ó jókòó láàárín àwọn ìwọ̀fà, ó bu òkèlè ẹ̀kọ, ó wo obìnrin náà lójú, ó ní, “Bi mí.”

Ohun tó sọ nìyẹn. Bi mí.