Ọwọ́ Òsì Àwẹ̀ró
Ọba Adégorítẹ́ ní kò sí apidán tó lè tan ojú òun jẹ, ló bá ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró, obìnrin tó ń pidán kiri ọjà. Nígbà tó dé, ọba gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé itan, ó ní, "Mú un lójú èmi àti àwọn ìjòyè mi. Bí a bá rí ọ, o ó fi ìlú yìí sílẹ̀ lónìí." Àwẹ̀ró ní kò burú, ṣùgbọ́n kí Kábíyèsí kọ́kọ́ gba obì lọ́wọ́ òun. Ó kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ọba, ó na obì sí i. Àṣé ọwọ́ òsì ló fi nà án! Ààfin dàrú. "Òsì kẹ̀? Ọba lo na ọwọ́ òsì sí?" Àwọn ìjòyè dìde, wọ́n ń nàka sí ọwọ́ náà, ọba fúnra rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn tìbínú-tìbínú. Àwẹ̀ró ní, "Kábíyèsí, ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀tún." Wọ́n wò ó. Ìrùkẹ̀rẹ̀ ọba ló wà níbẹ̀, Àwẹ̀ró ń fi lé eṣinṣin fún ọba jẹ́jẹ́. Ọba wo itan rẹ̀, kò bá nǹkan kan. "Ìgbà wo lo mú un?" "Ìbínú ló kó gbogbo ojú lọ sí òsì, Kábíyèsí, ọ̀tún wá ráyè. Àbí ẹ rò pé màá fi òsì mú nǹkan ọba ni?"