Omi Amọ̀ Tí Àwẹ̀ró Ń Dà Síwájú Ilé

"Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù." Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ, títí kan ẹni tí kò da ife omi kan síbì kankan rí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ da omi náà, àti irú omi tó jẹ́? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ fún yín bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi.

Amọ̀kòkò kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìkòkò rẹ̀ dán, ọjà rẹ̀ kì í kù sílẹ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti kúrò nídìí amọ̀. Ibà ló pa àkọ́bí rẹ̀ nígbà tí oníṣègùn ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wù ú kí òun fúnra òun mọ ewé. Nígbà tó bí òmíràn, Málọmọ́ ló sọ ọ́.

Ó tọ Bàbá Olúgbódi lọ, àgbà oníṣègùn tó ń gbé létí igbó, lójú ọ̀nà ọjà. Àṣà ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìṣègùn á kó lọ sílé ọ̀gá, á máa bá a wọ igbó títí yóò fi mọ̀ ọ́n.

"Bàbá, n kò lè kó wá," ni Àwẹ̀ró wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ọkọ mi wà lóko ẹgàn, ìyá rẹ̀ ti darúgbó, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn mi, ìdí ìkòkò yìí náà ni gbogbo wa ti ń jẹ."

Bàbá wò ó títí. "Ewé kan lọ́jọ́ ọjà kan. Bí o bá ta ìkòkò rẹ tán, kí o yà. Èyí tí mo bá fi hàn ọ́, hú u lọ sílé kí o gbìn ín. Ewé tí o kò bá lè mú dàgbà, o kò tíì mọ̀ ọ́n."

Ibo ni yóò gbìn ín sí? Ẹ̀yìnkùlé ni ẹbu wà, níbi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, koríko kò sì lè hù nínú ooru rẹ̀. Iwájú ilé ló bá kọrí sí. Odò jìnnà, agbára rẹ̀ kò sì gbé ìrìn kejì lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Bó ṣe di pé omi ìdọ̀tí tó fi rẹ amọ̀, tí gbogbo amọ̀kòkò ń dà sẹ́yìnkùlé, lòun ń gbé gba inú ilé kọjá lọ dà síwájú nìyẹn.

Ojú ti ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyàwó, ta ló ń da omi ìdọ̀tí síwájú ilé? Ṣé dìgbà tí àlejò bá yọ̀ ṣubú?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ewé mi ló ń mu ún."

Màmá pòṣé. Ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá sún mọ́ ewé náà, ọ̀pá Màmá ló kọ́kọ́ ń bà á.

Ọjọ́ mìíràn wà tó máa ń rẹ Àwẹ̀ró débi pé tomijé-tomijé ló fi ń da omi náà. Kò sì tíì sí ẹni tó pè é ní oníṣègùn.

Lọ́dún kan, ọ̀dá dá. Omi amọ̀ dín kù, ṣùgbọ́n iwájú ilé ni ìwọ̀nba tó kù ń lọ. Iná mú igbó, ó jó o ráúráú. Ìgbà náà gan-an ni ibà wọ̀lú, tí Málọmọ́ sì dùbúlẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́bu. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í se ewé láìgba àṣẹ ọ̀gá, ẹ̀rù sì ń ba Àwẹ̀ró. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá.

Bàbá dé pẹ̀lú àpò òfìfo, eérú dé orókún rẹ̀, ilẹ̀ gbígbóná ti bó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dé ilé náà rí. "Àwẹ̀ró, igbó ti jó. N kò rí ewé kan mú bọ̀."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó sì dúró. Ilẹ̀ tutù. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbójú sókè. Orúwọ, igi tí ewé rẹ̀ ń wo ibà, ti ga ju òrùlé lọ, ẹfinrin kún ìdí rẹ̀, gbogbo ewé tó ti fi han obìnrin yìí rí ń tutù yọ̀yọ̀ nínú ìlú tó ti gbẹ. Orí mi máa ń wú bí mo bá dé ibí yìí. Àgbàlagbà náà ṣí fìlà.

"Ìwọ ni kí o sè é," ló wí. "Oníṣègùn ni ọ́."

Àwẹ̀ró fọwọ́ ara rẹ̀ já orúwọ, ó sè é nínú ìkòkò tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Kí oòrùn tó wọ̀, Málọmọ́ làágùn, ó lajú, ó ní ebi ń pa òun. Màmá dìde. Ó gbé agbada omi amọ̀ tó wà nílẹ̀, ó gba inú ilé kọjá, ó dà á síwájú. Bàbá Olúgbódi, tó ṣì dúró níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí ìtura, wá sọ gbólóhùn tí a ń sọ títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ kan bọ́ ilé tó sì ń jí àkókò kọ́ òmíràn, àti fún ẹnikẹ́ni tó ń ṣe lónìí oore tí kò tíì rí èrè rẹ̀: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ẹ bá tún gbọ́ ọ, ẹ rántí pé omi ìdọ̀tí ni.