Èjí Àwẹ̀ró

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Bí ara ẹnìkan bá ń dán, òwe yìí là ń pa fún un. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ àwọ̀ tí oúnjẹ kọ́kọ́ bá ṣọ̀rẹ́? Bí ẹ bá ní àwọ̀ ojú ni, ẹ ti ṣì í. Inú ẹnu Àwẹ̀ró ni.

Láyé ìgbà náà, ọmọge tí kò ní èjí a máa wá a lọ́nàkọnà. Eyín Àwẹ̀ró fún mọ́ra bí eyín àgbàdo. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ń sún mọ́lé, ó lọ bá ọkùnrin tó ń fi ayùn la àárín eyín. Èjí náà gún régé, àmọ́ ayùn ha á ní èrìgì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kìlọ̀ fún un pé bí oúnjẹ líle tàbí ọbẹ̀ ẹlẹ́po bá gba ibẹ̀ kọjá, èjí yóò tún pàdé. Ẹ ò rí ọgbọ́n àwọn ọmọge! Àwẹ̀ró gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀kọ mímu láàárọ̀, ẹ̀kọ mímu lọ́sàn-án, ẹ̀kọ mímu lálẹ́.

Ọgbẹ́ kò jiná. Èrìgì wú, ó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń jáde bí pákò bá ti kàn án. Ìyá rẹ̀ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó gún ewé lé e, ó tún gún òmíràn. Pàbó ló já sí. Ìrora kọ́ ló ń dun Àwẹ̀ró jù, ẹkún ìyàwó ni. Ìyàwó tí kò bá sun ẹkún, ẹnu wo ni yóò fi dágbére fún ilé bàbá rẹ̀? Láti kékeré ló ti ń kó ẹkún tirẹ̀ jọ, kò sì lè la ẹnu mọ́.

Ni ìyá àgbà rẹ̀, Ọ̀ṣúntọ́lá, bá ti oko dé. Ó ní kó yanu. Ó wo èrìgì, ó wo egungun ọrùn tó ti yọ síta.

"Kí lo jẹ lánàá?"

"Ẹ̀kọ ni, Ìyá àgbà."

"Níjẹta ńkọ́?"

"Ẹ̀kọ náà ni."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀mọlé tó fẹ́ tún ògiri mọ, ṣé omi lásán ni yóò fi mọ ọ́? Ara rẹ ń wá amọ̀ tí yóò fi dí ihò yìí, o ò fún un. Ẹnu ọ̀nà ni ewé ìyá rẹ dúró sí, kò wọnú ara."

"Èjí mi ńkọ́?"

"Èyí tí ayùn là, ṣé ẹ̀fọ́ ni yóò rán an pọ̀?"

Ó se ẹ̀wà tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ó se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí kò lata, ó ya ẹja sí i, ó sì se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tomijé-tomijé ni Àwẹ̀ró fi jẹun. Nígbà tó yá, àwo ló ń fá. Díẹ̀díẹ̀ ni wíwú rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá, ọgbẹ́ sì jiná. Èjí kò kúrò níbi tó wà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Àwẹ̀ró sun ẹkún títí àwọn ìyá fi ń nu ojú. Nígbà tó kan ìyá àgbà, ó kúnlẹ̀:

"Ayùn lọ̀tá èrìgì mi,
Ewé lojúlùmọ̀ rẹ̀,
Ìyá àgbà, mo dúpẹ́ o,
Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀."

Ẹkún bá di ẹ̀rín, gbogbo agbolé sì ń gbè é.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìyàwó ṣe dòwe. Àwọn àgbà a máa pa á fún ẹni tí ara rẹ̀ ń dán, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń pa á fún aláìsàn tó gba oògùn tó kọ oúnjẹ, àti fún ẹni tí egbò rẹ̀ kọ̀ tí kò jiná. Bí wọ́n bá ti pa á tán, wọn a gbé àwo síwájú rẹ̀, wọn a sì jókòó tì í títí yóò fi jẹun.