Ìkòkò Abẹ́ Òrùlé Ojúadé

Ó ti rẹ Ẹyẹlé. Kì í ṣe àárẹ̀ òòjọ́ o, àárẹ̀ aṣíkiri ni. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹyẹ tó ń gbélé ènìyàn. Orí igi inú igbó ni gbogbo wọn wà, àwọn ènìyàn sì ń gé igi láti fi kọ́lé. Ibi yòówù kí Ẹyẹlé tẹ́ ìtẹ́ sí, àwọn Ẹ̀gà aláròyé á rọ́ dé.

"Ìyá arúgbó, ẹ dìde ńbẹ̀! Àwa pọ̀, ẹ̀yin nìkan ni!"

Wọn á tú ìtẹ́ ká, ẹyin á fọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹyin méjì péré ni Ẹyẹlé ń yé lẹ́ẹ̀kan!

Níkẹyìn, ó fẹsẹ̀ balẹ̀ ní àgbàlá opó kan tó ń jẹ́ Ojúadé. Opó yìí kì í fẹnu kan oúnjẹ láàárọ̀ láìkọ́kọ́ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sílẹ̀ fún ẹyẹ. Ó so ìkòkò kan tó ti sán sábẹ́ òrùlé.

"Ẹ wọlé o jàre. Ilé yìí dákẹ́ jù."

Ẹyẹlé wọlé, ó yé, ó sàba. Àfi gìrọ́gìrọ́, Ẹ̀gà dé! Wọ́n gba orí ọ̀pẹ àgbàlá, wọ́n ń jẹ àgbàdo, ojú wọn ò sì kúrò lára ìkòkò.

"Òjò ń bọ̀, Ìyá arúgbó. Inú ibẹ̀ yẹn ló wù wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n pa ẹyin wọ̀nyí tán ná."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sí àgbàdo. Ibà ti dá Ojúadé dùbúlẹ̀, kò lè pe ẹnikẹ́ni.

"Ilé tí ò lágbàdo, ahoro ni!" ni Ẹ̀gà wí, wọ́n gbéra. "Ìyá arúgbó, àbí òrùlé lẹ fẹ́ máa jẹ?"

Ẹyẹlé wo ẹyin rẹ̀. Bó bá dìde, wọn á tutù. Bí kò bá dìde, ọwọ́ tó ń fún un lóúnjẹ á tutù. Ó mí kanlẹ̀, ó fò lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìdògbé, aládùúgbò tó ń lọ ata lórí ọlọ, ó sì ń fi ìyẹ́ gbá a lórí.

"Irú ẹyẹ wo rèé? Ṣé orí mi lo fẹ́ yé sí ni?"

Ìyá Ìdògbé fa ìgbálẹ̀ yọ, ó ń lé e lọ. Ẹyẹlé ń bà, ó ń fò, títí ó fi bà sí ìrọ̀rí Ojúadé. Ìgbálẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìdògbé.

"Yéè! Ojúadé! Ẹ gbé omi wá o!"

Wọ́n se àgbo fún un, ó yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹyẹlé padà dé ìkòkò, ọ̀kan nínú ẹyin náà ti kú. Ọ̀kan yòókù ló pa.

Ọjọ́ tí àgbàdo tún balẹ̀, Ẹ̀gà ti dé. "Ìyá wa, ẹ kú ewu! A fẹ́ wọ ìkòkò." Ojúadé gbá ìgbálẹ̀ mú.

"Ẹ gba orí ọ̀pẹ yín lọ! Ẹni tó dúró tì mí ló nilé."

Títí dòní, orí ọ̀pẹ ni Ẹ̀gà ti ń pariwo, Ẹyẹlé sì ń gbé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Látọjọ́ náà ló sì ti wà lẹ́nu àwọn àgbà pé: ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ìṣòro kó yẹrí.