Ìyá Dọ̀tun àti Ọmọ Tó Ń Rákòrò

"Ẹ má kọ́ Ìbídùn níwàkiwà o! Àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́."

Ìyá Dọ̀tun, tó ń báni tọ́jú ọmọ nílé rẹ̀, ló ń kìlọ̀ fáwọn ọmọ ńláńlá, nítorí Ìbídùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò.

Ìbídùn rákòrò wọ abẹ́ tábìlì, ó ki sálúbàtà bọnu. Kíá, àwọn ẹ̀gbọ́n tẹ̀lé e, kálukú pẹ̀lú bàtà lẹ́nu. Ìyá Dọ̀tun náà rákòrò wọ abẹ́ tábìlì lọ gba bàtà lẹ́nu wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ò ká gbogbo wọn, ló bá fi eyín fa sálúbàtà kan.

Ìyá Ìbídùn dé, ó rí àgbàlagbà lórí eékún. "Èèwọ̀! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, mà!" Lòun náà bá kúnlẹ̀ gbì.

Ìbídùn wò wọ́n yí ká. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó dìde.

"Yéè, ọmọ mi dúró! Mà, ta ló kọ́ ọ?"

Sálúbàtà ò jẹ́ kí Ìyá Dọ̀tun fèsì.